Ọkọ̀ Àtijọ́ Inú Gáréèjì

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín bí mo bá ti gbọ́ ọ: gáréèjì. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, gáréèjì ni ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò, ibi tí agbèrò ti ń ké Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, tí àwọn oníbúrẹ́dì sì ń sáré tẹ̀ lé fèrèsé ọkọ̀ tí ó ti gbéra. Bí wọ́n bá ní inú gáréèjì ni ọmọ kan ti dàgbà, a ti mọ irú ẹnu tí yóò ní. Ṣùgbọ́n yàrá kan tí ó lẹ̀ mọ́ ara ilé ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ kí ọkọ̀ lè rí ibi sùn. Mo ní wọ́n kọ́ ọ fún ọkọ̀. N kò ní ọkọ̀ ni ó ń sùn níbẹ̀ o. Ní òpópó tí mò ń gbé nítòsí Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, àpótí, kẹ̀kẹ́ ọmọdé àti àga tí ó ti kán lẹ́sẹ̀ ni ó kún inú gáréèjì. Ọkọ̀ olówó ńlá ń sùn níta nínú yìnyín, pàǹtírí ń sùn nínú ilé.

Ilé kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ kò ti rí bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí òjò kò bá rọ̀, bàbá tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa yóò ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì rẹ̀ sókè, a ó sì rí imú Mustang kan tí Ford ṣe ní ọdún 1966, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú ọ̀run lẹ́yìn òjò, tí ẹṣin fàdákà kan ń sáré níwájú rẹ̀. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni bàbá yìí, iṣẹ́ irin ni ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Ó papò dà ní ọdún 2019, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ní 1998, ó sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, ó ní kí n máa fi pe òun. Ẹnu mi kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ogún ọdún jù mí lọ! Fún bí oṣù mẹ́ta, ‘sà’ nìkan ni mo ń pè é, òun náà sì ń wò mí bí ẹni tí ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé nígbà èwe rẹ̀, òun ni wọ́n ń fi ipá mú kí ó máa pe àwọn òyìnbó bẹ́ẹ̀. Nígbẹ̀yìn mo jókòó, mo ṣàlàyé ‘Bàbá’ fún un. Ó ní kí n tún un pè. Mo tún un pè. Láti ọjọ́ náà ni a ti parí ọ̀rọ̀ orúkọ.

Mustang kì í ṣe ọkọ̀ ọlọ́lá rárá nígbà tí ó jáde. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1964 ni Ford ṣí aṣọ lójú rẹ̀ níbi àfihàn àgbáyé tí wọ́n ṣe ní New York, iye tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ni dọ́là 2,368. Kí ọdún kan tó pé, èyí tí wọ́n tà ti lé ní 400,000. Ohun tí ó jẹ́ kí owó rẹ̀ mọ bẹ́ẹ̀ ni pé abẹ́ rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀: lára Falcon, ọkọ̀ kékeré tí Ford ń tà fún mẹ̀kúnnù, ni wọ́n ti yá ìpìlẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun tí ojú kò rí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí èmi gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí n rántí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ni Bàbá nígbà tí ó fi owó iṣẹ́ ra tirẹ̀ ní tuntun, oní-sìlíńdà mẹ́fà. Àwọn tí owó wọn ká a ni wọ́n ra oní-sìlíńdà mẹ́jọ, ìyẹn ni a sì ń rí nínú fíìmù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ wọn kò nílò láti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ó di táyà oní-mẹ́fà mú, márùn-ún ni ti oní-mẹ́jọ.

Kí ni ọmọ Ìbàdàn wá lọ sídìí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Ní ìgbà èwe mi, ọkọ̀ Amẹ́ríkà kò pọ̀ ní ìgboro wa. Morris, Austin, Opel àti Peugeot ni a mọ̀. Apá òsì ọ̀nà ni gbogbo ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, nítorí náà ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ Amẹ́ríkà wọ̀lú ṣáájú ìgbà náà yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, kò sì ní í rí iwájú bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀. Ọ̀kan wà ní àdúgbò wa, ti oníṣòwò kòkó kan, ó gùn bí ọkọ̀ ojú omi. Àwa ọmọdé a máa wọ́ tẹ̀ lé e. Bàbá mi tí ó bí mi, tí ó jẹ́ télọ̀, kò ra ọkọ̀ títí ó fi kú. N kò ní í purọ́: ìfẹ́ ọmọdé náà ni mo gbé dé Amẹ́ríkà. Gbogbo ohun tí mo máa ń sọ fún ìyàwó mi nípa ìtàn àti iṣẹ́ ọnà, àwáwí ni.

Ní ọdún 2007, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Glaucoma ni àwọn dókítà pè é. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ìwé ìwakọ̀ padà. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú òkèèrè, kò sì sí èyí tí ó fẹ́ ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ó tà á fún mi ní iye tí n kì í sọ fún ẹlòmíràn, kí wọ́n má baà ní mo rẹ́ arúgbó jẹ. Májẹ̀mú kan ni ó bá mi dá: n kò gbọdọ̀ gbé e lọ fún mẹkáníìkì láti ṣe ohun tí ọwọ́ mi bá lè ṣe.

Ọwọ́ mi! Ọwọ́ tí kò mọ̀ ju kí ó di ṣọ́ọ̀kì mú. Àwọn àgbà ní ọmọ tí ó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun. Ní gáréèjì wa, ọmọ tí kò bá jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí ni kò ní í bá àgbà jẹun. Bàbá yóò gbé àpótí kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà, èmi yóò sì tẹ̀ ba sórí ẹ́ńjìnnì. Ohun tí ó kọ́kọ́ kọ́ mi ni kọ́ńtáàkì, èyí tí ọkọ̀ ìsinsìnyí kò ní mọ́. Irin kékeré méjì ni, wọ́n fẹnu kora wọn nínú disitiríbútọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń yí ni wọ́n ń pàdé tí wọ́n sì ń pínyà, ìgbà tí wọ́n bá pínyà gan-an ni iná ń ṣẹ́ lọ bá púlọ́ọ̀gì. Àyè tí ó gbọdọ̀ wà láàrin wọn kò tó mìlímítà kan. Bí ó bá fẹ̀ jù, iná kò ní í lágbára. Bí ó bá há jù, ẹnu wọn yóò jó. Iná náà kì í sì í ṣẹ́ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé: ìkíní ni, lẹ́yìn náà ìkarùn-ún, ìkẹta, ìkẹfà, ìkejì, ìkẹrin. Mo kọ́ ọ sórí bí ọmọ awo ti ń kọ́ ẹsẹ Ifá.

Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù lọ ni etí Bàbá. Bí mo bá ti tan ẹ́ńjìnnì, yóò gba sùkúrúdíráífà gígùn kan, yóò fi ẹnu rẹ̀ ti ara irin, yóò fi ìdí rẹ̀ ti egungun ẹ̀yìn etí, yóò sì dijú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú náà kò wúlò fún un mọ́. Ní ọjọ́ kan ó ní, “Ìkẹrin kò bá wọn jó.” Mo yọ púlọ́ọ̀gì ìkẹrin, ó dúdú kirikiri, ó sì tutù fún epo bẹntiróòlù tí kò jóná. Ọdún méjì gbáko kọjá kí ó tó gbà kí n tú kabúrétọ̀. Mo kó gbogbo ara rẹ̀ sórí aṣọ funfun kan, mo fọ̀ ọ́, mo tò ó padà, bọ́ọ̀lù irin kékeré kan sì ṣẹ́kù sórí aṣọ náà. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n tún un tú.

Àwọn àìsàn kan wà tí a kò wò sàn. Omi a máa gba ihò atẹ́gùn tí ó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú wọlé, níbi tí irin ti dógùn-ún, a sì máa kán sí ẹsẹ̀ ẹni tí ó bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní Mustang ìgbà náà mọ ohun tí mò ń wí. Ìyàwó mi kì í wọ̀ ọ́ bí òjò bá ṣú.

Bí mo ti ń mọ iṣẹ́ náà sí i ni mo ṣìnà. Mo di ẹni tí ń wá ojúlówó. Ní Amẹ́ríkà kò sí ohun tí owó kò lè rà fún Mustang. Àwọn iléeṣẹ́ kan tilẹ̀ ń rọ odindi ara rẹ̀ ní tuntun, tí ènìyàn fi lè to ọkọ̀ 1966 jọ láìsí irin 1966 kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Èmi kò fẹ́ ìyẹn. Ohun tí iléeṣẹ́ fi sí i ní ọjọ́ ìbí rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́. Ẹnu kò ní í ya àwọn tí ó mọ̀ mí ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, nítorí èmi náà ni mo máa ń dìde láti sọ pé kì í ṣe bíréèkì, ìjánu ni. Kì í ṣe táyà, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni, tí àwọn ọ̀dọ́ yóò sì máa yọ́ aago wò. Ẹ kíyè sí ohun tí mò ń kọ níhìn-ín lónìí.

Bàbá ti gbé rédíò kan sínú ọkọ̀ náà ní 1974, ọdún tí wọ́n bí àkọ́bí rẹ̀, nítorí pé AM nìkan ni èyí tí ó bá ọkọ̀ wá ń gbọ́. Ó fi ayùn fẹ ihò dáṣíbọ́ọ̀dù kí ó lè wọlé. Mo fa rédíò náà yọ, mo jù ú sínú páálí, mo ra ojúlówó AM lọ́wọ́ ẹnì kan ní Pennsylvania, mo sì wá irin mìíràn dí ibi tí ayùn ti jẹ. Inú mi dùn púpọ̀. Ní Sátidé tí ó tẹ̀ lé e, mo gbé Bàbá yí àdúgbò ká. Ó na ọwọ́ sí ibi tí bọ́tìnnì rédíò rẹ̀ máa ń wà, ọwọ́ rẹ̀ bá ohun tí kò mọ̀, ó fọwọ́ pa á kiri díẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà padà sórí itan. Kò sọ nǹkan kan. Èmi náà kò bi í.

Ní ọdún 2014 ni mo tún bíréèkì ẹ̀yìn ṣe. Mo ra láínì tuntun, mo pààrọ̀ sìlíńdà kékeré tí ó wà nídìí táyà méjèèjì, mo fọ ohun gbogbo mọ́. Ó wá ku rọ́bà kan tí epo bíréèkì ń gbà kọjá láti ara ọkọ̀ lọ sí ìdí táyà ẹ̀yìn. Tuntun wà lọ́wọ́ mi, dọ́là mélòó kan péré ni. Ṣùgbọ́n mo wo ti àtijọ́, mo rí i pé ó ti gbó bí awọ orí ìlù, kò sì jò. Mo ní ojúlówó 1966 nìyí, láìsí àní-àní. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Sátidé kan ní oṣù kẹfà, èmi àti àbígbẹ̀yìn mi, ọmọbìnrin ẹni ọdún mẹ́sàn-án, ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè kan tí ó já sí oríta. Mo tẹ bíréèkì. Ó lọ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ tí ó kì sínú ẹrẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, òfo ni. Mo já gíà sí ìkejì, ẹ́ńjìnnì ké tòò. Mo na ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, mo fi gbogbo agbára fa háńbíréèkì. Okùn irin ni ìyẹn ń lò, kò bá epo da nǹkan pọ̀, òun ni ó sì yọ wá. Mo yí sítíárìn sórí koríko iwájú ilé ẹnì kan, ọkọ̀ sì dúró nígbà tí imú rẹ̀ kan igi kékeré kan. Ọmọ mi, tí bẹ́líìtì ìbàdí nìkan dè mọ́ àga, yíjú sí mi. Ó ní, “Dádì, kí ló ṣe é?”

Mo mọ ohun tí ó ṣe é.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo gbé rọ́bà náà lé Bàbá lọ́wọ́. Ó fi àtàǹpàkò wá ibi tí ó ti bẹ́.

“Èwo nìyí?”

“Ti ẹ̀yìn ni, sà. Èyí tí ó bá ọkọ̀ wá ni.”

Ó dákẹ́ díẹ̀. “Èmi ni mo ra rọ́bà yìí. Ní 1983 ni, ọdún tí iléeṣẹ́ dá ọ̀pọ̀ nínú wa dúró, tí n kò lówó láti gbé ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni ṣe. Abẹ́ rẹ̀ ni mo dùbúlẹ̀ sí nínú òtútù. Ìgbà kejì tí mo máa pààrọ̀ rẹ̀ sì nìyẹn.” Ó bi mí bóyá ọmọ náà ti jẹun. Mo ní ó ti jẹun. Ó dá rọ́bà náà padà fún mi.

N kò sùn ní òru ọjọ́ náà. Ohun tí mo pè ní ojúlówó, àtúnṣe ẹnì kan ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ni ó dùn mí jù. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ti 1966 ní tòótọ́ ńkọ́? Ṣé ó wá yẹ kí n fi ọmọ mi lé e lọ́wọ́? Agolo epo kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ bíréèkì táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nínú ọkọ̀ náà. Bí ibì kan bá jò, gbogbo rẹ̀ ti tán nìyẹn. Àwọn tí ó ṣe é kò ṣàì mọ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, Ààrẹ Lyndon Johnson fi ọwọ́ sí òfin ààbò ọkọ̀, nígbà tí ó sì fi di 1968, ó ti di dandan kí bíréèkì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun ní ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan lè mú ọkọ̀ dúró bí èkejì bá kú. Ford kò tilẹ̀ dúró de ìyẹn: Mustang 1967 ti ní in. Ọdún kan péré sí tiwa! Àwọn tí ó ni ojúlówó ti kúrò lórí rẹ̀ kí ọkọ̀ Bàbá tó pé ọdún kan, èmi wá jókòó tì í ní ọdún 2014, mò ń ṣọ́ ọ.

N kò sọ pé kí a yí ohun gbogbo padà o. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n yọ kọ́ńtáàkì, kí n fi ẹ̀rọ ìgbàlódé tí kì í gbó sí i, mo kọ̀. Kọ́ńtáàkì kì í pa ènìyàn. Bí ó bá bàjẹ́, ọkọ̀ yóò kàn kú sójú ọ̀nà ni, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó sì ṣe ohun tí Bàbá kọ́ mi. Bí mo bá yọ ọ́, ẹ̀kọ́ náà kò ní ibi tí yóò máa gbé mọ́. Bíréèkì yàtọ̀ sí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọdún méjì síwájú díẹ̀. Ní 2016 mo dé Havana. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 tí Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn òwò mọ́ Cuba, àwọn ará ibẹ̀ ti ń fi ohun tí ọwọ́ wọn bá bà tún ọkọ̀ Amẹ́ríkà ṣe. Chevrolet 1952 ni ó gbé mi láti ibùdókọ̀, ẹ́ńjìnnì dísù sì ni ó wà nínú rẹ̀. Mo bi awakọ̀ pé kí ni ó kù tí ó jẹ́ ti Chevrolet. Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá ilẹ̀kùn. Ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ ewé àti dúdú so kọ́ iwájú rẹ̀. Mo bi í pé ti ta ni. Ó ní ti Oggún ni. Bí ó ti pè é kò jọ bí a ti ń pè é nílé, ohùn Spanish ti bò ó mọ́lẹ̀. N kò tún un ṣe fún un. Èrò márùn-ún ni ó wà nínú ọkọ̀ náà, gbogbo wa ni ó sì gbé dé ibi tí à ń lọ.

Ní oṣù keje 2014 ni mo ra màsítà bíréèkì irú ti 1967, oní-ọ̀nà-méjì. Ó wọ ojú ihò ti 1966 wẹ́kú. Páìpù kéékèèké nìkan ni a ní láti tẹ̀ ní tuntun. Mo pààrọ̀ rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ tí ó wá kù ni kí a yọ atẹ́gùn inú bíréèkì, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan: ẹnì kan yóò máa tẹ bíréèkì nínú ọkọ̀, ẹnì kejì yóò wà nísàlẹ̀ nídìí táyà. Láti ọdún yìí wá, ẹsẹ̀ Bàbá ni ó máa ń tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún rẹ̀ ti ń dùn ún. Ọmọ mi ní òun yóò ṣe é. Ẹ̀rù bà mí láti ní kí ó padà wọ ọkọ̀ náà. Òun ni kò bẹ̀rù. Ó jókòó sí etí àga kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè kàn án. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, èyí tí ó jìnnà jù lọ sí màsítà.

“Tẹ̀ ẹ́.”

“Mo ti tẹ̀ ẹ́.”

“Má gbẹ́sẹ̀ o.”

“Mi ò gbé e.”

Mo tú nọ́ọ̀tì díẹ̀, epo tú jáde sínú ìgò pẹ̀lú ìfófó. Mo dì í padà. “Ó yá, gbẹ́sẹ̀.” “Mo ti gbé e.” Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ yìí fi máa ń dá mi lóhùn nínú ilé, bí mo ti wù kí n bá a wí tó. A ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bíi wákàtí kan àti ààbọ̀, táyà kan tẹ̀ lé òmíràn, Bàbá sì jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń gbọ́ èdè tí kò yé e. Nígbà tí a dé táyà kẹta, òun náà ti mọ ọ̀rọ̀ tí ó kàn, ó sì ń bá mi pè é: “Má gbẹ́sẹ̀ o!” Ọmọ mi fi ẹ̀rín bú sí i nínú ọkọ̀, ó gbẹ́sẹ̀, atẹ́gùn padà wọlé, a sì tún un bẹ̀rẹ̀.

Níkẹyìn ó ní, “Dádì, bíréèkì yìí ti le.”

Bàbá dìde. Ó fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún fi ẹsẹ̀ dúró lé e fún ìgbà díẹ̀. Ó ní ó dára. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ó bi mí pé, “Rédíò mi dà?”

Mo lọ gbé páálí náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí pákó. Nígbà tí a so rédíò náà mọ́ bátìrì lórí tábìlì, kò dún. Mo yí i padà. Wáyà méjì ti já lẹ́yìn rẹ̀, níbi tí mo ti fà á yọ. Mo lọ wá irin tí a fi ń jó òjé, mo sì ní kí ọmọ mi bá mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i.